Rọ́bà Mẹ́rin Láti Ara Táyà Ayọ̀dàmọ́lá

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó wọkọ̀ lọ sí Ìkìrun, kó bi Ògúnwálé mẹkáníìkì léèrè. Kò ní purọ́ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í fẹ́ sọ ọ́.

Àtọ́kẹ́, tó ti kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní iṣẹ́ irin rí, ló ni ọkọ̀ òfuurufú kékeré náà. Òun àti ọkọ rẹ̀, Ayọ̀dàmọ́lá, bàbá Nífẹ́mi ọmọ wọn, ni wọ́n jọ kàn án lẹ́yìnkùlé wọn ní Inísà. Awakọ̀ lọ́rì tó sanra ni ọkọ. Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, lọ́rì rẹ̀ gbókìtì ní kọ́nà tó wọ Òkukù, ó sì kú. Àtọ́kẹ́ gé lára táyà lọ́rì yẹn, ó fi ṣe rọ́bà mẹ́rin tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú máa jókòó lé. Wọ́n sọ fún un pé a kì í fi táyà ọkọ̀ tó pa èèyàn ṣe nǹkan. Ìfẹ́ ò jẹ́ kó gbọ́.

Ní báyìí, àwọn ẹbí ọkọ ní Òkukù ń sọ pé ọkọ̀ òfuurufú náà, ohun èèmọ̀, ló pa àbúrò àwọn. Kó kúrò lórí ilẹ̀ àwọn ní Inísà kó tó di alẹ́ Sátidé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àwọn á fi àáké tú u palẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

“Ó máa kúrò,” ni Àtọ́kẹ́ fèsì. “Ó máa fò ni. Òkukù lọ́dọ̀ yín ló máa balẹ̀ sí.”

Ṣùgbọ́n rọ́bà ti gbó, ẹ́ńjìnnì sì ti ń tẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, Ògúnwálé wá. Wọ́n fi ṣéènì so ẹ́ńjìnnì rọ̀ sí ẹ̀ka máńgòrò, wọ́n yọ rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ti ya sínú abọ́, wọ́n fi tuntun sí i. Ògúnwálé di nọ́ọ̀tì gbọin. Wọ́n wọlé lọ jẹ ẹ̀bà.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n jáde. Atẹ́gùn ò fẹ́. Adìẹ ò ké. Òórùn dísù, epo tí lọ́rì ń mu, gba ẹ̀yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ bẹntiróòlù ni ọkọ̀ òfuurufú náà ń mu. Ògúnwálé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà tó ya ló wà níbẹ̀. Àwọn tuntun wà nínú abọ́.

“Ìyá Nífẹ́mi, ṣé ẹ fọwọ́ kàn án?” ló bi Àtọ́kẹ́.

“A jọ ń jẹun ni.”

“Nọ́ọ̀tì ò tú.”

“Ẹ tún un yọ.”

Wọ́n tún un pààrọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí Àtọ́kẹ́ gbé àpótí, ó jókòó tì í, ó tẹjú mọ́ ọn. Ó gbọ́ lọ́rì kan tó ń pààrọ̀ jíà bọ̀ lókè ọ̀nà. Ó yíjú wo ọ̀nà. Kò sí lọ́rì. Ìgbà tó fi máa yíjú padà, rọ́bà ògbólógbòó ti wà ní ipò wọn.

Ògúnwálé ti ń kó irinṣẹ́ rẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká dáná sun wọ́n.”

“A ò ní sun nǹkan kan.”

Inú ń bí Àtọ́kẹ́. Ó dojú kọ ẹ́ńjìnnì.

“Bàbá Nífẹ́mi, mi ò fi yín sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè gbé ẹ́ńjìnnì yìí mọ́. Ẹ wá jókòó tì mí.”

Wọ́n fi tuntun sí i lẹ́ẹ̀kẹta. Ó to àwọn ògbólógbòó sórí ìjókòó kejì nínú ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó fi bẹ́líìtì dè wọ́n pinpin. Kò sí ohun tó yí padà mọ́.

Ní Sátidé, ó fò. Lókè kọ́nà tí lọ́rì ọkọ rẹ̀ ti gbókìtì, ohùn ẹ́ńjìnnì wálẹ̀, ọ̀pá tó fi ń darí ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ fúnra rẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

“Ẹ ti wa tiyín tán,” ni Àtọ́kẹ́ wí. “Èmi ni mò ń wa èyí.”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á padà. Ẹ́ńjìnnì tún bú.

Ó balẹ̀ sí pápá ilé-ìwé ní Òkukù. Akínyẹlé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló kọ́kọ́ débẹ̀ pẹ̀lú àáké lọ́wọ́. Ó yọjú wo ìjókòó kejì. Àtọ́kẹ́ náà wò ó. Kò sí rọ́bà kankan níbẹ̀. Bẹ́líìtì ṣì wà ní dídè, ṣùgbọ́n ó ti fẹ̀ tó ìbàdí ọkùnrin tó sanra.

“Ìyàwó,” ni Akínyẹlé sọ jẹ́jẹ́, “ta lo gbé wá?”

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ ní ẹ máa tú u palẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi bẹ́líìtì yẹn.”

Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn.