Ẹ Káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ tí Tíṣà kọ́kọ́ fojú kan Pupa, èébú ló fi kí i. Ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀ wá sí yàrá ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì nínú ṣẹ́ẹ̀tì búlúù àwọn òṣìṣẹ́ òkè, ó pupa fòò, ó ń fìka tọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Wo alákọrí yìí," Tíṣà ń bá áyọ́ọ̀nù ọwọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ó ń yan bí ẹni pé ìyá ẹ̀ ló ni òtẹ́ẹ̀lì. Kò lọ aṣọ rí láyé ẹ̀."

"Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni ìyá mi ní," ọkùnrin náà dáhùn ní Yorùbá tó já geere. "Ẹ jọ̀ọ́ àǹtí, aṣọ yẹn ti ń jóná."

Ojú ti Tíṣà débi pé ó bú sẹ́rìn-ín. Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Olùkọ́ ni Tíṣà nílé kó tó kọjá òkun. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń gba àjèjì wọlé, akọ̀wé ibẹ̀ ò béèrè ohun tí èèyàn mọ̀ ọ́n ṣe. Á wo ojú, á wo irun, á sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù: Ẹ̀yà Kìíní tàbí Ẹ̀yà Kejì. Kìíní gòkè, ó wọ búlúù, owó oṣù rẹ̀ sì tó ti ará ìsàlẹ̀ mẹ́ta. Kejì wọ bùráùn, ó sì ń fọṣọ. Ẹnì kankan ò ka ìwé ẹ̀rí Tíṣà.

Ojoojúmọ́ ni Pupa ń wá yẹ aṣọ tó ti yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀ wò.

"Èyí ò mọ́."

"Ojú ẹ ni ò mọ́."

Ìfẹ́ wọn wọra. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Pupa ní, "Olólùfẹ́ mi, mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ṣé o rí ọkùnrin tó ń kó aṣọ sẹ́nu ẹ̀rọ yẹn? Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìyá kan, bàbá kan."

Tíṣà kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Àràárọ̀ ni ọkùnrin dúdú yẹn ń ṣí fìlà, tó ń kí Pupa pé, "Ẹ káàárọ̀, sà." Ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ dé, akọ̀wé kan náà ló kọ àbúrò tó pupa sí Kìíní, tó kọ ẹ̀gbọ́n tó dúdú sí Kejì. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti fi bò ó mọ́ra.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ó pe Tíṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àbúrò mi, mi ò kórìíra ẹ. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ ará ìsàlẹ̀, wọ́n á tú fọ́ọ̀mù ẹ̀ wò. Owó òkè yẹn ló ń ra oògùn Màmá wa nílé. Ṣé o rò pé ó dùn mọ́ mi ni, kí n máa pe àbúrò mi ní sà?"

Tíṣà sunkún títí, ó sì ní kí Pupa má wá mọ́. Ọjọ́ mẹ́wàá ni kò fi wá.

Lọ́jọ́ kọkànlá, ọ̀gá àgbà wá bẹ̀ wọ́n wò, Pupa sì tẹ̀ lé e. Gbogbo òṣìṣẹ́ tò. Ẹ̀gbọ́n ṣí fìlà.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Pupa dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi ọṣẹ, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì búlúù.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dárí jì mí. Ẹ jẹ́ n fẹ́ Tíṣà."

"Dìde! Ìwọ ọmọ yìí, o ti bà á jẹ́!" Ẹ̀gbọ́n ń fà á lápá sókè.

Ọ̀gá àgbà ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ń wo ojú méjèèjì: imú kan náà, àgbọ̀n kan náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gba búlúù lọ́wọ́ Pupa. Wọ́n fagi lé Kìíní, wọ́n kọ Kejì. Àwọ̀ rẹ̀ ò sì yí padà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n ti so Tíṣà àti Pupa pọ̀ lákòókò ìsinmi ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n nìkan ló jẹ́rìí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe àṣekún iṣẹ́, síbẹ̀ ìdajì oògùn ni Màmá ń lò nílé báyìí.

"Ṣé o kábàámọ̀?" Tíṣà béèrè, ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì bùráùn ọkọ rẹ̀.

"Ti Màmá ń dùn mí gan-an."

"Tèmi ńkọ́?"

"Gbé áyọ́ọ̀nù yẹn wá, ìyàwó mi. O tún ti ń jó o."

Ẹ̀gbọ́n wọlé. Pupa kí i sókè ketekete, kí gbogbo yàrá ìfọṣọ lè gbọ́.