Bánà Tí Nùréènì Fi Wé Ilé Adìẹ

Ọyẹ́ ọdún náà kò ṣàánú ẹnikẹ́ni ní Agége. Ètè ń là, eruku bo òrùlé, omi àárọ̀ tutù nini. Sìlífátù jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé, ó ń wo ẹyin tó wà nínú agbọ̀n. Méjìdínlógún péré, látọ̀dọ̀ ọgọ́ta adìẹ.

Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọdún mẹ́tàlá ló fi dúró nídìí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ ọ̀rá kan ní Ìlúpéjú, títí orúnkún rẹ̀ fi bàjẹ́. Adìẹ wọ̀nyí ló ní kí òun fi sinmi. Bí wọ́n bá kú, ìdí ẹ̀rọ náà ló ń padà sí. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Obìnrin náà kò sọ ẹ̀rù rẹ̀ fún ẹnì kan.

"Òtútù ló ń mú wọn," ni Nùréènì ọkọ rẹ̀ wí. "Má jáyà. Mo máa wá nǹkan ṣe sí i."

Nùréènì mọ àwọn tó ń tẹ bánà ní Ọgbà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ru àwọn bánà ìbò tó ti kọjá wálé, ó sì fi wé ilé adìẹ yípo, kò ku ibi tí eṣinṣin lè gbà. Àwòrán àwọn olóṣèlú tí kò ṣe títì àdúgbò wá ń rẹ́rìn-ín lára ilé adìẹ. Ó tún dáná èédú sínú àdògán, ó gbé e sáàárín adìẹ.

"Bàbá Uswat, ṣé èéfín ò ní dà wọ́n láàmú?" Sìlífátù béèrè.

"Èéfín wo? Èédú tó ti pọ́n, ṣé ó tún ń rú èéfín ni?"

Ó pa ilẹ̀kùn dé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, adìẹ mọ́kànlá ti kú. Àwọn tó kù ń yanu. Òórùn ìgbẹ́ tó jáde ta Sìlífátù lójú bí àlùbọ́sà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò tilẹ̀ lágbára láti sunkún.

Igbe Nùréènì ló mú Àrínọlá aládùúgbò wọn sáré wá. Ọmọ Èkìtì ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn. Kó tó kí wọn, ó ti ń fa bánà ya.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbé iná síbí?"

"Èmi ni, mà. Mo ní kí ara wọn lè móoru ni."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ìyá Uswat, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èédú tó pọ́n, tí ẹ ò rí èéfín ẹ̀, afẹ́fẹ́ olóró ló ń tú jáde. Kì í rùn, ojú ò sì lè rí i. Níbi tí a bá tì pa, ó ń pa èèyàn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ adìẹ."

"Ṣé ká wá fi wọ́n sílẹ̀ fún ọyẹ́ ni?" Sìlífátù béèrè.

"Rárá, mà. Adìẹ tó ti ń yé ẹyin ní ìyẹ́ lára, ó lè fara da òtútù ibí. Ohun tí kò lè fara dà ni atẹ́gùn tó ń fẹ́ lù ú tààrà, ilẹ̀ tó tutù, àti òórùn ìgbẹ́ tí kò ríbi jáde. Apá ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá nìkan ni kẹ́ ẹ bò, ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè lábẹ́ òrùlé. Ẹ kó ìgbẹ́ tutù yìí dànù, kẹ́ ẹ da èérún pákó gbígbẹ sí i. Kí omi wọn lọ́ wọ́ọ́rọ́ láàárọ̀, kí wọ́n sì jẹun yó kí wọ́n tó sùn."

Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, adìẹ kankan kò sì kú mọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin kì í padà lọ́jọ́ kan, Sìlífátù sì ní láti padà sídìí ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ Ajé, Nùréènì bá ìyàwó rẹ̀ gbé báàgì dé ibi tí bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ti ń gbé èrò, kò lè wò ó lójú.

"Ó dùn mí," ló wí.

"Ó dun èmi náà." Sìlífátù fọwọ́ di orúnkún mú, ó gun bọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ, àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Ẹ má gbé iná èédú sínú ilé tí ẹ tì pa, ì báà ṣe ti adìẹ, ì báà ṣe yàrá tí ọmọ yín ń sùn. Bí òórùn ilé adìẹ bá ta yín lójú, ó ti ta adìẹ ṣáájú yín. Ẹ ṣí i kí atẹ́gùn wọlé. Bí ẹyin bá dín kù, ẹ kọ́kọ́ bi òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn. Adìẹ kò lè ti inú ilé ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀.