Wọ́n Ṣe Àmín sí Irọ́ Olúsànyà

Ọ́fíìsì náà kún dẹ́nu ọ̀nà. Ọdún Àjíǹde kù sí dẹ̀dẹ̀, gbogbo ẹni tó ti gba ilé ìgbafẹ́ sílẹ̀ létí òkun Àgbádárìgì ló rọ́ wá sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí ní Ìkòtún. Ẹlòmíràn fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́, ẹlòmíràn fẹ́ yí ọjọ́ padà. Láàrin ariwo yẹn ni ojú Olúsànyà àti ti ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì ṣe mẹ́rin. Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì gbójú kúrò. Àyà Olúsànyà já, bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ nínú ọjà tí kò ti mọ ẹnì kankan.

Kì í kúkú ṣe pé kò mọ obìnrin í wò. Ìwà rẹ̀ nìyẹn. Ó ti ṣèlérí ìgbéyàwó fún Happiness, òun ló sì fẹ́ gbé lọ sí ilé etí òkun náà lọ́dún Àjíǹde. Ṣùgbọ́n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé Ṣeunfúnmi ní Ẹgbẹ́dá, ìyẹn sì ní oṣù tó ń bọ̀ lòun tó ráyè. Ni Olúsànyà bá fẹ́ sún ọjọ́ síwájú. Òfin onílé kò sì gbà á, àfi bí àìsàn bá dé, tí ìwé dókítà sì wà ńlẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti lọ bá Wisdom, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé.

"Ṣé ibà ni kí n kọ ni, àbí ẹ̀jẹ̀ ríru?" Wisdom bi í.

"Èwo ló dáa jù?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru jàre. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru jiyàn. Ta ni ká ní ó ń ṣe?"

"Kọ màmá mi sí i."

Wisdom gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Ìyá ẹ tó wà láyé? Ẹnu ẹ lo fi pè é o, má fi tèmi kún un." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, Wisdom sì tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó wá kan Olúsànyà lórí ìlà, ó fa ojú ro. "Màmá mi ni. Wọ́n wà ní ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni." Ó ti ki ọwọ́ bọ àpò láti fa ìwé náà yọ.

Ọmọbìnrin náà, Esther lorúkọ rẹ̀, mú báírò. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Kí lorúkọ Màmá? Ìjọ wa ń gbààwẹ̀ lọ́wọ́, a ó máa dárúkọ wọn."

Olúsànyà wo ojú yẹn. Kó tó mọ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ gan-an ti jáde lẹ́nu rẹ̀: "Adébùnmí."

Ìyá aláṣọ funfun kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́. Ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ níbi tó dúró sí, ó ní kí gbogbo ilé dákẹ́. "Adébùnmí kò ní kú. Ọmọ rẹ̀ kò ní fojú sunkún rẹ̀ lọ́jọ́ àìpé."

"Àmín," gbogbo wọn dáhùn.

"Ìwọ ọmọ gan-an ńkọ́?" ni ìyá náà wí. "N kò gbọ́ tìẹ."

Olúsànyà ṣe àmín. Ó korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro tí wọn kò fọ̀. Ó purọ́ pé òun gbàgbé ìwé sílé, ó sì sá sọ̀kalẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Bó jókòó, á dìde. Bó bu oúnjẹ, á tì í sẹ́yìn. Ní àràárọ̀ ni Esther ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀: "Báwo ni ara Màmá? A gbàdúrà fún wọn lánàá." Á dá a lóhùn pé ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń dínkù. Lẹ́yìn náà, á sáré pe ìyá rẹ̀ ní Ìgàndó.

"Mọ́mì, ṣé ara yín le?"

"Olúsànyà, o ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí bẹ́ẹ̀ ni. Àbí o lálàá kan ni?"

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọdún, ó pe ìyá rẹ̀, kò gbé e. Ó tún pè, kò gbé e. Ẹnu mi ni, ó ń wí sínú, ẹnu mi ni mo fi pa ìyá mi. Ó wọ kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà Ìgàndó dí, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń sáré. Nígbà tó dé iwájú ọsibítù kan lójú ọ̀nà, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má baà rí ẹni tí wọ́n ń gbé wọlé. Ọkùnrin tí kò rántí ìgbà tó gbàdúrà kẹ́yìn ń bẹ̀bẹ̀ lójú títì: "Ọlọ́run, jọ̀ọ́. Má jẹ́ kó ṣẹ."

Ó bá ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń pọn omi. Fóònù rẹ̀ wà nínú yàrá níbi tó ti ń gba iná.

"Ta ló ń lé ẹ?" ìyá rẹ̀ bi í.

Olúsànyà dojúbolẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. "O wá tẹ́ mi sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù nítorí obìnrin," Adébùnmí wí, ó gbé korobá rẹ̀, ó sì wọlé lọ. Ìgbájú ìbá sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó pe Esther. "Sista, ara màmá mi le. Irọ́ ni mo pa. Mo ti rò pé ẹnu mi ti pa wọ́n."

"Bọ̀dá, ẹnu yín kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ Ọlọ́run lẹ̀mí ìyá yín wà. Ẹ̀yin lẹ̀ṣẹ̀ ń pa lọ. Aláìsàn wà nílé yín lóòótọ́, ẹ̀yin ni."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Jésù kò béèrè ìwé dókítà. Ó ti kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ yín, ó sì ti jíǹde. Ẹ jẹ́wọ́ fún un, ẹ kọ ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀, ẹ gbà á gbọ́. Tí ẹ bá ṣetán, ẹ wá yanjú ọ̀rọ̀ ilé náà lórí tábìlì mi."

Níbẹ̀ ni Olúsànyà kúnlẹ̀ sí. "Jésù, èmi laláìsàn. Wò mí sàn." Kò rí iná, kò gbọ́ ohùn. Ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn, ó sùn.

Nígbà tó jí, ó sọ òtítọ́ fún Happiness. Ìyẹn bú u dáadáa, Olúsànyà sì gba èébú náà. Ó sọ fún Ṣeunfúnmi náà pé kó má retí òun mọ́. Ó fa ìwé dókítà tí Wisdom tẹ̀ ya, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà mìíràn: "Kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn. Irọ́ ni mo fẹ́ fi yí ọjọ́ padà. Ẹ bá mi fagi lé ilé náà. Ẹ dárí jì mí." Ní Sátidé, ó tò sórí ìlà.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀. Ta ni ìwọ náà ti purọ́ mọ́? Àdúrà wo lò ń ṣe àmín sí, tí o mọ̀ nínú ara rẹ pé irọ́ lo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ara rẹ kò balẹ̀, o sì ń pè é ní wàhálà Èkó. Ẹ̀ṣẹ̀ ni. O lè sún ọjọ́ ìgbafẹ́ síwájú, o kò lè sún ọjọ́ ikú. Má sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Wá sọ́dọ̀ Jésù lónìí, bó o ṣe rí gan-an, pẹ̀lú òtítọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ìlà náà sún. Esther gbé ojú sókè, ojú wọn sì tún ṣe mẹ́rin.

"Ta ló kàn?"

"Èmi ni," Olúsànyà dáhùn, ó sì na lẹ́tà náà sí i.