Àgbo Ni, Kì Í Ṣe Ọtí

Ọtí ni Olújìmí, oníṣòwò àdìrẹ ní Ìtòkú, fi ba ẹ̀dọ̀ tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn jẹ́. Ikùn rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ pọ́n, àwọn ẹbí ti ń sunkún rẹ̀. Fisáyọ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló gbà kí àwọn dókítà gé lára ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ fún un. Fisáyọ̀ yìí kò fi ẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Dókítà kìlọ̀ pé bó bá tún mutí, ikú ni. Olújìmí, ẹ̀gbọ́n, dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àbúrò, ó sì búra pé òun àti ọtí ti pínyà.

Ní ọdún kejì, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kó lọ mu àgbo. Obìnrin alágbo bi í pé, "Ti olómi ni àbí ti ọlọ́tí?"

"Èwo ló ń ṣiṣẹ́ jù?" Olújìmí béèrè, bí ẹni pé kò mọ ìdáhùn.

Ife kékeré kan ló mu. Láìpẹ́, ẹ̀yìn kì í tíì dùn ún tí yóò ti dé ọ̀dọ̀ alágbo. "Àgbo ni, kì í ṣe ọtí," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí.

Ṣùgbọ́n bó bá ti gbé e mì, nǹkan a máa mira lábẹ́ ìhà rẹ̀ ọ̀tún, bí ìgbà tí wọ́n ń rọ ọmọ tí ń ké lágbo. A máa ṣe é bíi pé Fisáyọ̀ ni òun ń rọ lọ́tí. Ẹ̀rù a bà á gidigidi. Síbẹ̀, yóò tún lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Fisáyọ̀ yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òórùn ọtí sì kí i káàbọ̀.

"Bùrọ̀dá mi, kí lẹ mu?"

"Àgbo ni. Fi ẹ̀dọ̀ lórí òróòro, jàre."

Fisáyọ̀ gbé ọwọ́ lé ìhà ara rẹ̀, níbi tí àpá wà. "Ẹ̀dọ̀ wo, Bùrọ̀dá mi?"

Olújìmí fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè ṣe é. Fisáyọ̀ jókòó tì í.

"N kò ní òmíràn tí mo lè fún yín. Díẹ̀ lára mi ni mo fún ẹ̀yin tí mo fẹ́ràn. Jésù fi gbogbo ara rẹ̀ lélẹ̀ nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Ẹ pe ohun tí ẹ mu lórúkọ níwájú rẹ̀."

Olújìmí kúnlẹ̀ láàárín àwọn aṣọ. Ó ní, "Ọtí ni, Olúwa. Ọtí ni. Ṣàánú mi."

Lọ́jọ́ kejì, ó sọ òtítọ́ fún dókítà. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ náà ti fara gbọgbẹ́, òun kò sì mọ ibi tí yóò já sí. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Títí di òní, bí Olújìmí bá ń kọjá níwájú alágbo, ẹ̀rù ṣì ń bà á, á sì ké pe Jésù. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé a ti dárí ji òun.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? Kí ni orúkọ tí o sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ? Ṣé èrú lo sọ di ọgbọ́n òwò ni, àbí àgbèrè lo pè ní eré? Ẹnìkan ti fi ara rẹ̀ lélẹ̀ fún ọ, ìwọ sì ń da májèlé sórí ẹ̀bùn náà. Kò sí Jésù mìíràn tí yóò tún kú. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ní orúkọ tó ń jẹ́ gan-an lónìí, kí ikú tó pe orúkọ tìrẹ.