Ìkòkò Inú Àmù

"Ó gbẹ?"

"Ó gbẹ, mà," ni Bilkisu dáhùn. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìkòkò rẹ̀ fún Ìyá Wàhábì.

Ìyá àgbà náà gbà á. Wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi ìka kàn án kọ́kọ́kọ́, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ rẹ yìí, ọmọ yìí! Ṣé kì í ṣe inú amọ̀ ni wọ́n bí ẹ sí?"

Gbogbo àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nusaybah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyá tó bí bàbá rẹ̀ ni Ìyá Wàhábì, àwọn náà sì ni àgbà amọ̀kòkò ní àdúgbò wọn ní Ìlọrin. Láti ọmọ ọdún méje ni Nusaybah ti ń fẹsẹ̀ tẹ amọ̀. Èṣí ni Bilkisu, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àbí ẹ ò rí nǹkan!

Ní àdúgbò yìí, ẹnì kan kì í dá ìkòkò tirẹ̀ sun. Ojú kan ni gbogbo wọn ń kó o jọ sí. Àgbà ló ń tò ó: àwọn ńlá nísàlẹ̀, àwọn kéékèèké nínú àwọn ńlá kí àyè má baà ṣòfò, lẹ́yìn náà igi àti koríko gbígbẹ lórí gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń tọwọ́ bọ inú ìkòkò ẹlòmíràn wò. Bí olóhun bá ti ní ó gbẹ, ó gbẹ nìyẹn. Gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé ìkòkò tí omi bá wà lára rẹ̀ yóò bẹ́ nínú iná ni, á sì ba ti ẹlòmíràn jẹ́ mọ́ tirẹ̀.

Ìyá Wàhábì wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa gbé ìkòkò Bilkisu sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n sì gbé e sínú àmù tiwọn.

Nusaybah sún mọ́ wọn.

Àmù náà kì í ṣe àmù títà. Ọwọ́ Ìyá Wàhábì ti ń wú, àwọn ìka wọn kì í sì í na dáadáa mọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi mọ ọ́n, èyí tí wọn ì bá fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe láyé àtijọ́. Sàráà ni wọ́n fẹ́ fi ṣe fún ọkọ wọn tó ti kú, kí wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí kí àwọn tí òùngbẹ bá ń gbẹ lè máa rí omi tútù mu. "Èyí ni mo máa mọ kẹ́yìn," ni wọ́n máa ń wí. "Ọwọ́ ti kọ̀."

"Ìyá," ni Nusaybah pè.

"Kí ló dé?"

Ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀fun rẹ̀. Ó gbé e mì. "Kò sí nǹkan, mà."

Kí ló mọ̀ tó ń dákẹ́ sí? Ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà nílé ìwé wọn, ti sọ pé lọ́jọ́ Ajé ni òun máa mú ìkòkò ọmọ kan ṣoṣo tó máa ṣojú ilé ìwé níbi ìdíje ìkòkò mímọ. Ojú ló rí i, ẹnu ò gbọdọ̀ sẹ́ ẹ: ti Bilkisu ló dára jù. Nígbà tó di ọ̀sán àná, ọjọ́ Jímọ̀, tí gbogbo ilé ti lọ kírun, Nusaybah ti àkísà bọ omi, ó sì fi nu inú ìkòkò ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n sá sí àgbàlá wọn. Ó nù ún, ó tún un nù, títí inú rẹ̀ fi mu omi yó. Kò jẹ́ kí omi kan ẹ̀yìn rẹ̀ rárá. Ti Bilkisu nìkan ló máa fọ́, ohun tó ń rò lọ́kàn nìyẹn. Ìlara kì í jẹ́ kéèyàn ro ọ̀rọ̀ dópin.

Wọ́n dáná sí i. Koríko ràn, èéfín bo gbogbo ilẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n gbọ́ "gbàù!" Ìró kejì tẹ̀lé e, èyí rinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn obìnrin wo ojú ara wọn.

"Ìnnà líláhì," ni Ìyá Wàhábì wí, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí eérú tutù, àpáàdì ni wọ́n bá níbi tí àmù wà. Ìyá Gàní, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, kọjú sí Bilkisu. "O ní ó gbẹ! Ọmọ tí wọ́n ṣàánú kọ́ níṣẹ́! Má tún gbé ìkòkò wá síbí mọ́ láyé rẹ!"

Bilkisu ń sunkún, ó ń fi orúnkún rìn tọ Ìyá Wàhábì lọ. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ foríjì mí. Mo rò pé ó gbẹ ni."

Ìyá àgbà kò bú u. Wọ́n kàn ń ṣa àpáàdì jọ sínú agbada pẹ̀lú ọwọ́ wọn tó wú. Ìkòkò Nusaybah ní tirẹ̀ jáde nínú iná, ó pọ́n dáadáa, kò ní àbùkù kankan. Ojú tì í débi pé kò lè fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ Ajé, tirẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé mú. Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Bilkisu náà pàtẹ́wọ́, ó sì sọ sí i létí pé, "Mo bá ẹ yọ̀. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ Ìyá. Mi ò lè wo ojú wọn mọ́."

Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn. Ẹ̀bẹ̀ yẹn ló ká Nusaybah lára. Ó dìde níwájú gbogbo kíláàsì. "Sà, èmi kọ́ ló yẹ kó lọ. Èmi ni mo fi omi sí ìkòkò Bilkisu."

Bilkisu wò ó, ó kó ìwé rẹ̀, ó sì lọ jókòó síbòmíràn. Ọdún yẹn, ilé ìwé wọn kò rán ẹnikẹ́ni lọ síbi ìdíje.

Nígbà tó délé, ó dojú bolẹ̀ níwájú ìyá bàbá rẹ̀, ó jẹ́wọ́.

"Mo gbọ́ nígbà tí o pè mí, Nusaybah," ni Ìyá Wàhábì wí. "O ní 'Ìyá', o wá dákẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń retí ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ."

Háà! Nusaybah bú sẹ́kún.

"Wọ́n ní ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé o rí eérú tìẹ yìí? Ó kọ́kọ́ bọ́ sójú ọmọ ọlọ́mọ, ó wá bọ́ sójú tèmi. Dìde, ká lọ."

Ilé amọ̀kòkò méje ni wọ́n jọ yà, ó sì jẹ́wọ́ nílé kọ̀ọ̀kan. Ìyá Gàní fúnra rẹ̀ lọ bẹ Bilkisu. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Wàhábì gbé agbada àpáàdì síwájú Nusaybah. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn amọ̀kòkò ń ṣe: èyí tó fọ́ ni wọ́n ń gún kúnná, tí wọ́n ń pò mọ́ amọ̀ tuntun kó lè gba iná. Ó gún un títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Ní ọjọ́ kẹrin, Bilkisu wọlé, kò kí i, ó kúnlẹ̀ ti amọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìdí àmù. Ìyá Wàhábì ń fẹnu darí wọn, àwọn méjèèjì ń fọwọ́ ṣe é. Ọjọ́ tí wọ́n máa mọ ọ́n parí ni Bilkisu tó bá a sọ̀rọ̀: "Na omi yẹn sí mi." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmù náà wà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí dòní. Nusaybah ló ń pọnmi sí i. Lọ́jọ́ kan, bàbá arúgbó kan mu omi tán, ó nu irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, Ọlọ́hun yóò san ẹ́ lẹ́san iṣẹ́ ọwọ́ rẹ."

Àdúrà ni bàbá ń ṣe. Ṣùgbọ́n Nusaybah tẹ orí ba, ojú tì í bí ẹni pé wọ́n ká a mọ́ ibi tó ti ń fi àkísà nu ìkòkò.

"Àmín, bàbá," ló wí, ó sì gbé korobá rẹ̀ padà lọ pọnmi.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí ẹ bá fọwọ́ yín gbìn lẹ máa ká. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ibi téèyàn ń ṣe kì í mọ sórí ẹni tó ṣe é nìkan. Ó lè kọ́kọ́ gba orí ẹni téèyàn fẹ́ràn jù kọjá.