Ohùn Méjì ní Ààyè Keje

Bí mo bá parọ́ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ọ̀nà tí mo fi gbogbo ayé mi rìn má gbà mí mọ́. Mo ti sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní ibi tó pọ̀ ju irun orí mi lọ, mo sì ti gbọ́ irọ́ àwọn awakọ̀ títí etí mi fi yi. Èyí kì í ṣe irọ́. Ó ṣẹlẹ̀ ní Wyoming, lójú ọ̀sán, sí Verlin Stroud, ọkùnrin tí kì í mutí, tí kò sì bẹ̀rù ohunkóhun tí kò ní eyín.

Àwọn òkúta yẹn ló kọ́kọ́ yẹ kó kọ ọ́ lóminú. Ibùdó Sage Creek, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń pàgọ́, kún lọ́jọ́ náà, ààyè keje nìkan ló ṣófo. Verlin fi ẹ̀yìn wa píkọ́ọ̀pù rẹ̀ wọ ibẹ̀ pẹ̀lú àgọ́ onítáyà tó so mọ́ ọn nídìí, ó sì bọ́ sílẹ̀ láti wá òkúta tí yóò fi há táyà kó má baà yí. Òkúta ti wà nílẹ̀. Mẹ́rin ni, pẹlẹbẹ, méjì níwájú táyà, méjì lẹ́yìn, wọ́n ṣe rẹ́gí bí ẹni pé wọ́n ti ń retí àgọ́ náà.

"Wò ó," ó wí fún Nadine ọmọ rẹ̀. "Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń kí bàbá ẹ káàbọ̀."

"Àbí ó ń gbá ẹ mú," Nadine dáhùn. Kò tíì bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ó ti tó ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí Nadine ti bá bàbá rẹ̀ pàgọ́ gbẹ̀yìn. Ìdí rẹ̀ wà lára ọmọńdinrín ọwọ́ òsì rẹ̀, tó wọ́ bí ìwọ̀ ẹja. Irú àgọ́ yìí, àpótí ni nígbà tó bá wà lójú ọ̀nà. Bí ó bá dé ibùdó, wọn á yí háńdù iwájú rẹ̀, wáyà á fa òrùlé gòkè, wọn á wá fa bẹ́ẹ̀dì jáde lọ́tùn-ún lósì bíi dúróà. Tapólì ni ògiri rẹ̀. Ènìyàn méjì ló máa ń pa á dé: ọ̀kan á di háńdù mú níwájú, èkejì á wà lẹ́yìn, á máa fi ọwọ́ ti tapólì bọ abẹ́ òrùlé kó má baà há. Ẹni iwájú kì í rí ẹni ẹ̀yìn. Nítorí náà, háńdù kò gbọdọ̀ mira títí ẹni ẹ̀yìn yóò fi ké pé, "Ó ti wọlé!" Nígbà tí Nadine wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, Verlin kò dúró gbọ́.

Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pé kó wá, ọjọ́ méjì péré, lẹ́bàá omi. Nadine gbà, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀.

"Dádì, bí o bá fọwọ́ kan háńdù yẹn kí n tó ké, o ò ní fojú kàn mí mọ́ láyé."

"Mo gbọ́."

"Mi ò ní kó o gbọ́. Mo ní kó o búra."

Ó búra. Kò sí ohun tó fẹ́ láyé mọ́ ju kí ọmọ náà tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ sábẹ́ òrùlé yẹn láìfòyà.

Wọ́n gbé òrùlé àgọ́ náà gòkè, wọ́n sì fa bẹ́ẹ̀dì jáde. Wọn kò tíì jókòó dáadáa tí Opal, ìyá àgbà tó ń bójú tó ibùdó, fi wa ọkọ̀ kékeré rẹ̀ dé. Ó fi okùn so fìlà mọ́ àgbọ̀n.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ wọ ààyè keje?"

"Àwọn òkúta yín ni, mà."

Opal kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìdí táyà. "Ọjọ́ Tuesday ni mo kó àwọn òkúta yẹn dà sómi." Ó tọ́ka sókè. "Ẹ̀fúùfù ń bọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Tírélà méjì ti dojú dé lójú títì, wọ́n sì ti ti ọ̀nà pa. Ẹ pa nǹkan aláṣọ yẹn dé kíá."

"Mà, mo ti ń pa àgọ́ dé láti ìgbà tí eyín yín ṣì jẹ́ tiyín."

"Eyín mi ṣì jẹ́ tèmi. Inú ife ni mò ń tọ́jú ẹ̀ sí." Ó sún mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Gbọ́, bàbá. Níbí, má gba etí ẹ gbọ́. Kó o fojú rí ọwọ́ ọmọ yìí méjèèjì kó o tó tú háńdù."

Nígbà tó lọ tán, Verlin ní oòrùn ti pa ìyá náà lórí jù. Ó ní àwọn á kọ́kọ́ jẹun. Ó gbé ẹ̀wà agolo ka iná, ó sì ń súfèé.

Òórùn ewé tó máa ń fẹ́ láti orí òkè ló kọ́kọ́ pòórá. Lẹ́yìn náà, àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ wá bà sílẹ̀, wọ́n to ara wọn mọ́ ara wọn nínú koríko. Afẹ́fẹ́ kò tíì dé, síbẹ̀ tapólì bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú, ó ń yọ síta, díẹ̀díẹ̀, bí àyà ẹni tó sùn. Nadine dá ṣíbí dúró.

Ìgbà náà ni ẹ̀fúùfù náà dé. Ó gba ìkòkò ẹ̀wà lórí iná, ó da òkúta wẹ́wẹ́ lu píkọ́ọ̀pù bí ẹni ń da àgbàdo sórí páànù. Àgọ́ náà fi ẹ̀gbẹ́ kan gbéra nílẹ̀, ó tún padà balẹ̀. Wọ́n sáré ti bẹ́ẹ̀dì méjèèjì wọlé. Nadine sáré lọ sẹ́yìn, Verlin di háńdù mú níwájú. Háńdù àtijọ́ ni, kò ní bíréèkì. Ìdè irin kan ṣoṣo ló dì í mú, bí a bá sì tú u nínú irú ẹ̀fúùfù yìí, òrùlé á já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ọwọ́ tó lè dá a dúró.

"Ó ti wọlé!"

Ohùn Nadine ni, pẹ̀lú ìkánjú tó máa ń wà nínú rẹ̀. Verlin kò gbọ́ ikọ́ ara rẹ̀ nínú ariwo yẹn, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn náà ketekete, bí ìgbà tí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ti dúró, ó ti gbọ́, ó ti mú ìbúra rẹ̀ ṣẹ. Ó na ìka sí ìdè náà.

Ohùn kejì wá láti apá òsì rẹ̀, níbi etí gan-an. Obìnrin ni. Kò pariwo. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ yọ ènìyàn lẹ́nu. Òórùn ọṣẹ ìfọṣọ gba imú Verlin. Ó yíjú, kò rí ẹnikẹ́ni.

Ó fi ìdè sílẹ̀ bó ṣe wà, ó sì di ara àgọ́ mú títí ó fi dé ẹ̀yìn. Nadine wà níbẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ òrùlé títí dé èjìká, ó ń fa tapólì tó há.

"Ṣé o ti pè mí ni?" Verlin ké.

"Pè ẹ́ bí? Mi ò tíì ṣe tán! Kí lo wá ń ṣe níbí?" Ó wá rí ojú bàbá rẹ̀. "Dádì. Ṣé o ti tú u?"

"Rárá."

Nígbà tí Nadine tú tapólì náà sílẹ̀ tán, Verlin mú un wá síwájú. "Jẹ́ n rí ọwọ́ ẹ." Nadine gbé méjèèjì sókè, tòun ti ọmọńdinrín wíwọ́ náà. Lẹ́yìn náà, ó gbé wọn lé ọwọ́ bàbá rẹ̀ lórí ìdè náà, wọ́n sì tú u pọ̀. Háńdù já gbà lọ́wọ́ wọn. Òrùlé lulẹ̀ gbàmù, irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀.

Wọ́n sáré lọ sí ọ́fíìsì Opal, ilé kékeré onísìmẹ́ńtì. Ìyá náà bu kọfí fún wọn.

"Wọ́n pè ẹ́," ó ní.

"Ohùn méjì ni," Verlin dáhùn. "Ọ̀kan ní kí n tú u, èkejì dá mi dúró."

Ife Opal dúró lágbedeméjì ọ̀nà ẹnu. "Obìnrin kan ń jẹ́ Lavonne. Ọdún mọ́kànlá rèé. Wọ́n ń pa àgọ́ dé ní ààyè keje, ọkọ ẹ̀ wà níwájú, òun wà lẹ́yìn. Èmi wà ní ààyè kẹfà, mo sì gbọ́ gbogbo ohun tó sọ. Ọkọ nìkan ni kò gbọ́. Òrùlé gba apá ẹ̀, wọ́n sì ti ti ọ̀nà pa, ẹ̀jẹ̀ dà tán lára ẹ̀ kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó dé. Ọkùnrin yẹn ń búra pé ìyàwó òun ké pé ó ti wọlé. A pè é ní òpùrọ́ títí ó fi wọ sàárè." Ó gbé ife kalẹ̀. "Ẹni tó dá ẹ dúró, mo mọ̀ ọ́n, mi ò bẹ̀rù ẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ pè ẹ́ ni mi ò mọ̀."

Oòrùn ṣì wà lókè. Láti apá ààyè keje, ohùn Nadine dún, ketekete, tìdùnnú-tìdùnnú: "Ó ti wọlé!"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ ọ. Nadine kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sínú ọwọ́ bàbá rẹ̀.

"Kí ni Lavonne sọ gan-an, mà?" ó béèrè.

Verlin kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tí ohùn kejì sọ fún ẹnikẹ́ni. Opal wo ilẹ̀, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ka nǹkan lára ògiri.

"Dúró díẹ̀. Ọwọ́ mi ṣì wà nínú."

Ohun tí Verlin gbọ́ náà nìyẹn. Dúró díẹ̀. Ọwọ́ mi ṣì wà nínú.