Ojú Ọ̀tún Màmá

Ohun tó kọ́kọ́ ba ayàwòrán lẹ́rù ni pé fídíò ojú òsì ti parí, ti ojú ọ̀tún ò parí.

Fídíò tí èèyàn ń fi jígí ojú wò, tí ẹni inú rẹ̀ á dà bíi pé ọwọ́ lè kàn án, kámẹ́rà méjì ni wọ́n fi ń yà á: ọ̀kan fún ojú òsì, ìkejì fún ojú ọ̀tún. Méjèèjì ló ń da àwòrán pa pọ̀ sínú díìsì tí wọ́n ń kó fídíò pamọ́ sí. Bí díìsì ò bá yára, ẹrù ẹni méjì lo gbé lé e lórí, á máa já àwòrán sílẹ̀ lọ́nà. Ayàwòrán mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú. Ó ní èyí tó yára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìgbéyàwó oníbàárà ló wà lórí rẹ̀. Ògbólógbòó tó ń wọ́ bí ìgbín ló fi ya ìyá rẹ̀.

Màmá mọ̀ pé òun ń lọ. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà tí òun fẹ́ bá ọmọ náà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sọ. Ìgbàkígbà tó bá lanu, díìsì á kọsẹ̀.

"Ẹ dúró ná, Màmá. Kò tíì yá."

"Kò burú, ọmọ mi. Tó bá ti yá, kí o sọ fún mi."

Bíi pé etí tirẹ̀ ò lè gbọ́ ọ bí kámẹ́rà ò bá gbà á! Oníbàárà pè, ayàwòrán pa kámẹ́rà, ó jáde. Kó tó padà dé, Màmá ti dákẹ́.

"Èyí tó yára fún àlejò, èyí tó ń wọ́ fún ìyá tó bí ẹ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí níbi ìsìnkú. Ó dun ayàwòrán dé egungun, torí òótọ́ ni.

Kámẹ́rà ti wà nínú àpótí láti ọjọ́ náà, síbẹ̀ fídíò ojú ọ̀tún ń gùn sí i lójoojúmọ́. Màmá ló wà níbẹ̀, lórí àga rẹ̀, ó panu mọ́, ó ń wo ibi tí ọmọ rẹ̀ dúró sí.

Ayàwòrán pa fídíò ìgbéyàwó oníbàárà rẹ́. Ó kó fídíò Màmá sórí díìsì tó yára, ó ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn méjèèjì wọ jígí, wọ́n fọwọ́ bo ojú òsì, ojú ọ̀tún nìkan ni wọ́n fi ń wò. Kò kọsẹ̀ mọ́.

Màmá gbójú sókè. "Ó ti yá?"

Ẹ̀gbọ́n ayàwòrán di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. "Ó ti yá, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́."

Màmá wò ó títí.

"Dúró ná," ló wí, bí ayàwòrán ṣe wí fún un lọ́jọ́ náà.

Ó gbọ́wọ́ lé itan, ó panu mọ́. Fídíò náà ṣì ń gùn sí i.